Orúkọ Tí Mo Pa Rẹ́

"Rọra o, Kíkẹ́. Ẹran ara ni, kì í ṣe pákó."

Bàbá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé wa ní Ùsì, ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí, èmi sì kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná àti iyọ̀, mò ń fọ egbò. Àràárọ̀ ni mo máa ń fọ̀ ọ́ kí n tó lọ sí ilé-ìwé. N ò ní purọ́ fún yín, ó ń rùn. Ẹnu ni mo fi máa ń mí tí mo bá ń fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí màmá mi ni, òun ló sì ń tọ́ mi láti ìgbà tí màmá mi ti lọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin. Ká ní èmi ni mo ní egbò yẹn, mo mọ̀ pé òun náà á fọ̀ ọ́.

Ṣójà ni Bàbá nígbà ogun abẹ́lé, ìbọn sì bà á lẹ́sẹ̀. Egbò náà jinná nígbà yẹn, ó ti fi ẹsẹ̀ yẹn roko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àfi lọ́dún tó kọjá tó ṣàdédé tún ṣí. Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn kékeré ìlú wa wò ó títí, ó mi orí, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Irin ṣì wà nínú ẹsẹ̀ yìí," ó ní. "Bí Bàbá ò bá dé ilé ìwòsàn ńlá láàárín oṣù kan, gígé ni wọ́n máa gé e."

Gígé kẹ̀! Ẹsẹ̀ Bàbá!

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí nǹkan ṣe obìnrin yẹn. Kò kàn sọ ọ̀rọ̀ burúkú kó sì lọ. Ó ṣàlàyé fún mi pé ilé ìwòsàn àwọn ológun máa ń tọ́jú ṣójà tó ti fẹ̀yìn tì láìgba kọ́bọ̀, pé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì nínú oṣù, wọ́n máa ń wá sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkọ̀lé láti yẹ ìwé àwọn arúgbó wò, wọ́n á sì mú àwọn tí àìsàn wọn le lọ. Ó bá mi wá fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n fẹ́ fọ́tòkọ́pì ìwé ìfẹ̀yìntì àti ti káàdì ìdánimọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: *Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu.*

Bàbá yọ ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ fún mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi ọ̀rá wé e dáadáa. Mo ṣí i. Mo ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Mo tún un kà.

Joshua Ùsì.

Mo mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Joshua Ògúndélé. Ògúndélé la mọ̀ nílé wa, Ògúndélé ni wọ́n fi ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló wá ń jẹ́ Ùsì? Ṣé èèyàn ń fi ìlú ṣe orúkọ bàbá ni? Ó dá mi lójú pé akọ̀wé kan ló ṣe àṣìṣe, pé ibi tó yẹ kó kọ ìlú sí ni kò rí.

Ẹ wò ó, Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú ilé, ó ń jẹ iṣu sísun. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ láàárín èmi àti òun. Kí n kàn sọ pé, "Bàbá, orúkọ wo rè é?" N ò sọ ọ́. Èmi tí mo gba ipò kìíní nínú kọ̀ǹpútà ní kíláàsì wa, mo ti mọ̀ tán. Ọ̀rẹ́ mi Ọláṣùmbọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ni mo gbé ìwé náà tọ̀ lọ.

Ọláṣùmbọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ṣé torí èyí lo ṣe káwọ́ lérí? Ìṣẹ́jú márùn-ún ni! A máa ya fọ́tò ẹ̀, a máa pa Ùsì rẹ́, a máa tẹ Ògúndélé síbẹ̀, ó tán."

"Ṣé kì í ṣe ayédèrú nìyẹn?"

"Ayédèrú báwo? Ṣé Bàbá ò jẹ́ Ògúndélé ni? Wọ́n kọ ọ́ sódì, a wá tún un ṣe. Mélòó nínú kíláàsì wa ni ò tíì tún ọjọ́ ìbí ẹ̀ ṣe? Ta ló mú wọn?"

Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, mo rántí ẹsẹ̀, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọláṣùmbọ̀ ló dá a lábàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka tèmi ló tẹ̀ ẹ́, n ò ní torí pé mo fẹ́ gbayì kí n wá dì í lé e lórí. Nígbà tí ìwé náà jáde, ó mọ́ débi pé inú mi dùn sí ara mi. Mo tilẹ̀ ń kọrin lọ sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá Bàbá wọ aṣọ. Ó de bẹ́rẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ti ṣá, ó wọ bàtà kan, ó fi báńdéèjì rìn ní ìkejì. A gun ọ̀kadà dé Ìdó, a wọ ọkọ̀ ibẹ̀ títí a fi dé Ìkọ̀lé. Gbogbo ọ̀nà ni Bàbá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ọmọ tó ń ṣe uṣẹ́ àgbà lo jẹ́, Kíkẹ́. Wàá dàgbà, wàá dògbó." Mò ń ṣe "Àmín, Bàbá."

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn arúgbó tó ń tọ ọ̀pá wà níbẹ̀, àwọn opó tó gbé ìwé ọkọ wọn sí àyà wà níbẹ̀. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ṣójà, Sájẹ́ǹtì Níkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ló ń bá wọn kọ fọ́ọ̀mù. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá ti ń dúpẹ́ jù, á ní, "Ẹ̀tọ́ yín ni, Bàbá. Ẹ jókòó dáadáa." Ọ̀gá ṣójà ọ̀dọ́kùnrin kan jókòó tì í pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, òun ló ń yẹ nọ́ńbà wò.

Ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé Bàbá. Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó wo ìwé. Ó tún wo kọ̀ǹpútà.

"Bàbá, níbo lẹ ti rí ìwé yìí?"

"Ìwé mi ni, sà."

"Joshua Ùsì ló ni nọ́ńbà yìí. Ìwé tẹ́ ẹ mú wá ń pe Joshua Ògúndélé. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ayédèrú ni."

Bàbá gba ìwé náà, ó mú un súnmọ́ ojú, ó mú un jìnnà. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. "Èmi ni Joshua Ùsì," ó ní. "Ó wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún akọ̀wé lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́."

Òun fúnra rẹ̀! Kì í ṣe àṣìṣe rárá.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá," ọ̀gá náà dáhùn. "Oṣooṣù làwọn èèyàn ń gbé nọ́ńbà ṣójà tó ti kú wá fún wa. Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ yẹn. A máa fi tó ọlọ́pàá létí."

Bàbá arúgbó kan pòṣé, ó ní, "Olè! Ó fẹ́ jẹ ẹ̀tọ́ òkú." Bàbá mi lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí wọ́n ní kó dúró. Ó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn, ó fi ọwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà bíi ṣójà tí ọ̀gá ń bá wí.

Mo sá jáde. Mo pe Ọláṣùmbọ̀ lórí fóònù.

"Má sọ nǹkan kan o!" ó pariwo létí mi. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ nílé-ìwé ni? Sọ pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá ìwé náà. Bàbá ti darúgbó, kò sẹ́ni tó máa ti arúgbó mọ́lé."

Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Bí mo bá dákẹ́, mo bọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá á pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì di olè lójú gbogbo Ìkọ̀lé, títí dé Ùsì. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo pa fóònù. Mo padà wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jọ̀ọ́, mà." Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Èmi ni mo yí ìwé yẹn padà. Bàbá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Joshua Ùsì ló wà nínú ìwé gidi, ó wà nílé. Mo rò pé àṣìṣe ni."

N ò lè wo ojú Bàbá. Ọ̀gá náà bínú, ó sọ̀rọ̀ sí mi, ó sì tọ́ sí mi. Ìgbà tó sọ tán ni Sájẹ́ǹtì Níkẹ́ ní kí n dìde. Ó ṣí fáìlì ńlá kan níwájú mi.

"Kà á sókè."

Mo kà á. Sunday Ìkọ̀lé. Michael Ọyẹ́. Gabriel Òsì. James Ìdó. Ojú ewé kan kún, ó tún kún èkejì.

"Orúkọ ìlú ni gbogbo wọn gbé wọṣẹ́," ó ní. "Àwọn ọmọ Èkìtì ṣe é gan-an nígbà ogun. Fọ́ọ̀mù tiwọn wà lọ́tọ̀. Ká ní o mú ìwé Bàbá wá bó ṣe wà ni, mi ò bá ti parí ẹ̀ kí n tó mu omi tó wà níwájú mi yìí tán."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ìfọ́tí lọ. Òótọ́ tí mo sá fún, kò ní iṣẹ́ kankan nínú. Irọ́ tí mo fi pàrọ̀ rẹ̀ ló wá di ẹrù. Ọ̀gá náà ní níwọ̀n bí ayédèrú ti wọlé lórí nọ́ńbà yẹn, ìwé gidi nìkan ò tó mọ́. A gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan tó bá Bàbá wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kó lọ búra ní kóòtù pé Joshua Ùsì àti Joshua Ògúndélé, ẹnì kan náà ni. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ làwọn máa padà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di oṣù mìíràn. Ẹsẹ̀ Bàbá ò sì lè dúró de oṣù mìíràn.

A wọ ọkọ̀ padà sí Ìdó. A bọ́ sílẹ̀, ó wò mí.

"Kíkẹ́, ebi ò pa ọ́?"

Ó ra àkàrà fún mi. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé létí títì, àwọn èèyàn ń wò mí. Ó jẹ́ kí n sunkún tó kó tó sọ pé, "Ògúnjọbí nìkan ló kù nínú àwa tá a jọ wọṣẹ́ ṣójà, bó bá ṣì wà láyé. Ayégbajú ni ulé rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ yìí ti dá mi dúró, mi ò rí i mọ́."

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ. Ayégbajú ò tóbi púpọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí mo bi ló nawọ́ sí ilé náà. Màrìwò ọ̀pẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, torí olórìṣà Ògún ni bàbá náà. Mo bá a níbi tó ti ń pọ́n àdá.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú uṣẹ́ o, Bàbá. Joshua ló rán mi sí yín láti Ùsì."

"Joshua wo?"

"Joshua Ùsì."

Ó gbé àdá sílẹ̀. Ó dìde. "Ùsì! Ùsì ò tíì kú? Kú ìyà! Èmi tí mo ti ṣọ̀fọ̀ ẹ̀ tán!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń pariwo pe ìyàwó rẹ̀ kó wá wo ọmọ Ùsì. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan èyí tí mo ṣe. Ẹ má rò pé jíjẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irọ́ ni.

Bàbá Ògúnjọbí gbọ́ tán, ó jókòó.

"Mẹ́rin la jọ lọ," ó ní. "A ò sọ fún bàbá kankan nínú àwọn bàbá wa, wọn ò bá ti so wá mọ́lẹ̀. Lójú ọ̀nà ni Joshua ti sọ pé kí kálukú wa fi ìlú rẹ̀ ṣe orúkọ. Ó ní, 'Bí mo bá kú, ta ló máa mọ Ògúndélé wo ni? Ògúndélé pọ̀ ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ Ùsì, ẹni tó bá rí orúkọ mi á mọ ibi tó máa ránṣẹ́ sí kí ìyá mi lè gbọ́.' Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é. Mẹ́rin la lọ, àwa méjì la bọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn àwọn méjì yòókù délé. Ìyá wọn ò jókòó sẹ́nu ọ̀nà máa retí wọn títí ayé."

Ó wò mí. Kò bínú.

"Ohun tó o pa rẹ́ nìyẹn, ọmọ mi."

Ojú tì mí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọmọkùnrin tí kò tíì ju ogún ọdún lọ ronú ikú ara rẹ̀, ó ronú ìyá rẹ̀, ó mú orúkọ. Èmi jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo fi ìka kan pa á rẹ́, mo ní mò ń tún un ṣe.

Ní ọjọ́ Ajé, a pàdé ní kóòtù ní Ọyẹ́. Àwọn arúgbó méjèèjì rí ara wọn, wọ́n kọ́kọ́ sàlúùtù, kí wọ́n tó wá dì mọ́ra wọn tí bẹ́rẹ́ẹ̀tì Bàbá fi jábọ́. Akọ̀wé kóòtù tẹ ọ̀rọ̀ tán, ó wá bi Bàbá Ògúnjọbí pé, "Bíbélì àbí Kùránì?"

"Irin."

Akọ̀wé wá irin kiri orí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́ ló rí, ó nà án sí i.

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀? Nígbà tí mo gbé tèmi wá láti ulé?" Bàbá Ògúnjọbí tú ìwé ìròyìn tó dì sábẹ́ abíyá, àdá yọ fìrì. Akọ̀wé fa àga rẹ̀ sẹ́yìn. Arúgbó náà fi ahọ́n kan irin, ó ní, "Joshua Ògúndélé ni Joshua Ùsì. Ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí ìbọn bà á. Bí mo bá purọ́, kí Ògún má jẹ̀ẹ́ kí n délé."

"Àmín!" ni Bàbá mi pariwo, òun tó jẹ́ Áńgílíkà paraku. Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà kò lè mú un mọ́ra.

Ọjọ́bọ̀ pé, ọ̀gá ọ̀dọ́kùnrin yẹn ka ìwé ìbúra, ó yẹ ìwé ìfẹ̀yìntì gidi wò, ó lu òǹtẹ̀. Ó dìde, ó sàlúùtù Bàbá. "Ẹ má bínú, sà." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ nínú bọ́ọ̀sì wọn. Irin tí dókítà yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò tóbi ju ẹ̀pà lọ. Lọ́sẹ̀ kẹfà, Bàbá fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wọlé wa. Ọlọ́run, mo dúpẹ́. Nọ́ọ̀sì, mo dúpẹ́. Bàbá Ògúnjọbí, mo dúpẹ́. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo ti sọ ọ́, mi ò sì tíì sọ ọ́ tó.

Ṣùgbọ́n Bàbá ló tún wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo bà á jẹ́?"

"O bà á jẹ́ lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn yẹn kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó fura sí ọ. O lè dákẹ́ kí wọ́n mú mi. O ò dákẹ́. Ọjọ́ yẹn lo wo ẹsẹ̀ mi sàn, kí dókítà tó fọwọ́ kàn án."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo sọ ìtàn yìí fún yín kí ẹ má bàa ṣe tèmi. Irọ́ tẹ́ ẹ bá pa láti fi ran ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn lọ́wọ́, irọ́ náà ni, ẹni yẹn ló sì máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tún nǹkan àgbà ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ sọ ọ́ kíákíá, kó tó di ẹjọ́ ẹlòmíràn.

Sájẹ́ǹtì Níkẹ́ ò jẹ́ kí n lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìjìyà mi ni pé gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi, kí n máa wá bá òun kọ fọ́ọ̀mù. Ìjìyà tí mo fẹ́ràn jù láyé nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìyá àgbàlagbà kan jókòó síwájú mi, opó ṣójà ni. Wọ́n ti dá a padà lọ́pọ̀ ìgbà, torí orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ rẹ̀ kò bá ti ara rẹ̀ mu. Ó ti ń bẹ̀ mí kí n tó ka ìwé náà tán. Mo gbé bíírò sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Bàbá ṣe jẹ́ orúkọ yìí?"

Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbé ìwé yìí kiri," ó ní. "Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."

Mo fa àga mi súnmọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún mi.